Ẹ Má Gba Lítíréṣọ̀ Lọ́wọ́ Ọmọ Sáyẹ́ǹsì

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé girama ní ìlú Ìbàdàn, ìgbà tí àwọn ọmọ bá wọ SS1 ni wọ́n máa ń pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ tó bá lọ sí sáyẹ́ǹsì kò tún ní í fojú kan ìwé ìtàn, eré onítàn tàbí ewì mọ́ nínú kíláàsì, nítorí pé Lítíréṣọ̀ ti di ti àwọn ọmọ áàtì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù fún un, èyí náà kò sì ju gírámà, àròkọ, àkàyé, sọ́márì àti ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Èmi tí mo ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ gbà pé ìpínyà yìí ń pa àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì lára ju bí àwọn òbí wọn ṣe mọ̀ lọ, ibi tí ìpalára náà sì ti máa ń hàn jù ni inú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí kò sí ọmọ tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo bí WAEC ṣe pín máàkì nínú ìwé ìdánwò kejì, èyí tí wọ́n ń fi wákàtí méjì ṣe. Àròkọ ní 50, sọ́márì ní 30, àkàyé ní 20. Nínú 50 ti àròkọ, kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ètò gba 10, àkọtọ́ pẹ̀lú gírámà àti àmì ìdánudúró gba 10, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe lo èdè gba 20 gbáko. Kò sí òfin gírámà tó lè fún ọmọ ní 20 yẹn. Ẹni tó ti ń ka ìwé tí àwọn tó mọ èdè lò kọ, tó ti ń gbọ́ bí gbólóhùn ṣe ń ró nígbà tó bá dára, òun ló máa ń rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ sọ́márì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Mo ní àyọkà kan tí èmi fúnra mi kọ nípa omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nítorí pé ó ṣòro kí ọmọ Ìbàdàn tó má ní àgbàlagbà kan nílé tó lè ròyìn rẹ̀. Àyọkà náà sọ bí òjò ṣe rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá, bí àwọn ènìyàn ṣe ti ń da ilẹ̀ sínú odò láti ìgbà pípẹ́, àti bí wọ́n ṣe kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Ìbéèrè rẹ̀ kò le: ní gbólóhùn mẹ́ta, kọ ohun mẹ́ta tó fa omíyalé náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi rúlà sábẹ́ ìlà, wọ́n á wá gbólóhùn tó bá jọ ìdáhùn, wọ́n á sì dà á kọ bó ṣe wà, tòun ti orúkọ àdúgbò àti àwọn àpẹẹrẹ tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń máàkì ìwé WAEC kì í fojúure wo ẹni tó bá da gbólóhùn inú àyọkà kọ bó ṣe wà. Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì gọ̀. Nínú bàọ́lọ́jì àti físíìsì, bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìtumọ̀ tí ìwé fún wọn, ó lè ná wọn ní máàkì; wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa pé ọ̀rọ̀ ìwé ni kí á bọ̀wọ̀ fún. Kò sí ibi tí a ti kọ́ wọn láti gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mì, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Àwọn ọmọ áàtì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojoojúmọ́ tí mo bá ti ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀ ní orí kejì?”

Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n pa ìwé dé. Mo á ní, “Ká ní àbúrò rẹ bi ọ́ nílé pé kí ló dé tí Ògùnpa fi ya wọlé, kí lo máa sọ fún un?” Wọ́n á kọ́kọ́ máa wojú ara wọn, nítorí pé èdè Yorùbá jẹ́ èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn ilé-ìwé kan sì ń gba owó ìtanràn lórí rẹ̀. Ọmọ kan á wá dìde, á ní, “Mà, wọ́n ti da ilẹ̀ dí odò, omi ò wá ríbi gbà mọ́.” Sọ́márì ti parí nìyẹn. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá kọ lẹ́yìn náà lè kúrú, ó sì lè ní àléébù kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kí ó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Àmọ́ àyọkà kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ ìwé odindi. Ìdí nìyí tí mo fi kó ẹ̀dà The Lion and the Jewel tí Wọlé Ṣóyínká kọ wọ kíláàsì SS2 sáyẹ́ǹsì. Ó wà lára ìwé tí WAEC yàn fún Lítíréṣọ̀ láti ọdún 2021 sí 2025, nítorí náà mo rí i yá lọ́wọ́ àwọn ọmọ áàtì; ó sì dùn mọ́ mi láti sọ fún wọn pé ní ọdún 1959, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé eré náà sórí ìtàgé. A dé ibi tí Lákúnlé, tíṣà ọ̀làjú, ti kọ̀ láti san owó orí Sidi, tó ń pe àṣà náà ní ìwà àwọn ará oko. Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn ọmọbìnrin di ọ̀rọ̀ Sidi mú pé ẹni tí wọn kò bá san owó orí rẹ̀ yóò di ẹni ẹ̀sín láàárín ẹgbẹ́. Ọmọkùnrin kan, tí kì í la ẹnu nínú iṣẹ́ mi ṣùgbọ́n tí olùkọ́ físíìsì kì í yé yìn, wá dìde ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé kì í ṣe owó orí gan-an ni Lákúnlé kórìíra, pé sísan án ni. Ariwo sọ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ àríyànjiyàn wọn sílẹ̀ ní àròkọ, mo rí gbólóhùn tí n kò rí rí lọ́wọ́ wọn nígbà tí a ń jiyàn lórí dókítà àti àgbẹ̀, ta ló wúlò jù, àkọlé tí àwọn òbí wọn náà ti kọ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn. Lórí ti Lákúnlé, wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, bàbá kan wá bá mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí tíṣà, ọmọ tèmi fẹ́ ṣe dókítà o. Kí ló fẹ́ fi eré orí ìtàgé ṣe?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, tí aláìsàn bá dé UCH, ṣebí wọ́n á kọ́kọ́ ní kó ròyìn bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìtàn gígùn ni aláìsàn máa sọ. Dókítà ló máa mọ èyí tó ṣe kókó níbẹ̀, tó sì máa kọ ọ́ ní ìlà mélòó kan.” Mo tún rán an létí pé láìsí krẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí yunifásítì ní Nàìjíríà tó máa gba ọmọ náà fún iṣẹ́ ìṣègùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúpẹ́, àmọ́ n kò rò pé ó gbà.

JAMB ní tirẹ̀ gbìyànjú. Wọ́n máa ń yan ìwé ìtàn kan fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ìbáà ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì tàbí ọmọ áàtì, ìbéèrè 10 nínú 60 ti Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Lára èyí tí wọ́n ti yàn rí ni In Dependence ti Sarah Ladipo Manyika, ìtàn ọmọkùnrin kan tó kúrò ní Ìbàdàn lọ kàwé ní Oxford ní ọdún 1963. Ẹ wá lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ní Dùgbẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ẹ béèrè ìwé JAMB: pẹlẹbẹ ìbéèrè àti ìdáhùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Ọmọ tó bá ka pẹlẹbẹ yìí á mọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn, á mọ ẹni tó bí ta ni, kò kàn ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn fi ṣe ohunkóhun. N kò dá àwọn òǹtàwé lẹ́bi. Ìbéèrè oníyàn-án-yàn ló fàyè gba bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa ń dùn mí pé Ìbàdàn, tí University Press, Heinemann àti Evans fi Jẹ́ríkò rẹ̀ ṣe ibùjókòó, ni ọmọ ti lè jáde girama láìka ìwé ìtàn kan tán.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC tilẹ̀ tún yani lẹ́nu jù. Ní Gánà, wọ́n máa ń gbé ohùn sétí àwọn ọmọ kí wọ́n tó dáhùn. Ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 ni ọmọ ń yàn lórí ìwé láàárín ìṣẹ́jú 45, láìgbọ́ ohùn kankan, láìla ẹnu. Ọmọ Yorùbá tó ti mọ́ lára láti fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ kò lè fi ojú lásán mọ sílébù kan ṣoṣo tí Gẹ̀ẹ́sì ń kì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá pín ọ̀rọ̀ inú eré fún ara wa, tí wọ́n ń kà á sókè, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹni tí “s” àti “sh” rẹ̀ ti dàpọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe àwọn ọmọ Ìbàdàn kan, a ó sì tún un ṣe níbẹ̀ láìsọ ọ́ di ẹjọ́.

Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń béèrè ibi tí mo ti ń rí àyè. Pírẹ́ẹ̀dì kan lọ́sẹ̀ ni, èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí kò sí ẹni tó lè kọ́ ọmọ ní gírámà mọ́ bó ti wù kó rí. N kì í fún wọn ní nóòtì lórí ìtàn, n kì í sì béèrè orúkọ ẹ̀dá ìtàn lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mẹ́ta ló ń wo ìwé kan. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé gbà fún mi lórí àdéhùn pé n kò ní í tìtorí rẹ̀ fi sílábọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ewì ni a máa kà ní sáà tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má mú èyí tó bá ju ojú ewé kan lọ wá.