Bírò mi wà lọ́wọ́ Màmá

Mi kì í sábà lọ sí òde ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń gùn jù. Àmọ́ nígbà tí Màmá tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ilé ìkàwé Kenneth Dike, Yunifásítì Ìbàdàn, pè mí pé òun ti pé ẹni ọdún 65, pé iṣẹ́ ti parí, ta ni yóò bẹ̀ mí kí n tó lọ? Àwọn ló ń wá ìwé fún mi nígbà tí èmi fúnra mi ò tíì mọ ohun tí mò ń wá.

Mo wọ mọ́tò ní Berger kí ilẹ̀ tó mọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ ká tètè dé Ìwó Road. Mo tún wọ Micra lọ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Wọ́n fún Màmá ní àmì ẹ̀yẹ, a pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ ni Màmá ṣẹ́jú sí mi. A yọ́ jáde, ó di yàrá ìwé.

"Lọ fọwọ́ ẹ, kó o nù ún gbẹ."

Mo ní ṣé mi ò ní wọ ìbọ̀wọ́ ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú sinimá nìyẹn wà, ni wọ́n wí. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kò ní mọ bí bébà ṣe fẹ́lẹ́ tó, títí yóò fi ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n gbé àpótí kan kalẹ̀ nínú àwọn ìwé Herbert Macaulay, ọmọ tí ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther bí. Ọkùnrin yẹn kú ní 1946, lẹ́tà rẹ̀ ṣì ń jà. Màmá ní gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù ikán, píìnì lásán ni òun ń bẹ̀rù: tó bá ti dípẹtà, ó ń jẹ bébà lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ni wọ́n bá bi mí bóyá mo mọ ohun tí ojú ìwé Johnson rí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, wọ́n sọ ọ́ nù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àjákù àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún gbogbo ẹ̀ kọ. Ní 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Jámánì gba Appam, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ, lójú òkun. Amẹ́ríkà ni wọ́n wà á lọ! Ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde.

Màmá pa àpótí dé. "Òun ní àbúrò. Mélòó nínú àwọn tó kọ ìwé tó wà níbí ló ní àbúrò?"

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kó má baà bọ́ lórí mi. Mo yọ bírò.

"Bírò kẹ̀! Nínú yàrá mi? Tí yíǹkì bá ta sí ìwé ńkọ́?" Wọ́n ti já a gbà. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n nà sí mi, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń dúró de Màmá láti gé kéèkì.

Ìwó Road ni mo ti rántí pé bírò mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.