Bí mo ṣe pààrọ̀ àwọn èdídí tó ń jò lára bọ́lọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnì mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bu omi sí rédíétọ̀ ọkọ̀ mi láràárọ̀ kí n tó mọ ibi tí omi náà ń gbà lọ. Abẹ́ ọkọ̀ kì í tutù, rédíétọ̀ kò lu, kò sì sí họ́ọ̀sì kankan tó bẹ́, síbẹ̀ omi kò yéé dínkù. Ọjọ́ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ní abẹ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde, ni mo rí ipa omi kan tó ti gbẹ, tó pọ́n rúsúrúsú, tó ṣàn wálẹ̀ láti etí irin róbótó kan tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò ńlá lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ń yọ níbẹ̀, ooru ẹ́ńjìnì sì ń gbẹ ẹ́ kí ó tó kan ilẹ̀. Freeze plug ni àwọn mẹkáníìkì ń pe irin róbótó yẹn. Èdídí ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé iṣẹ́ tí èdídí ń ṣe lẹ́nu ìgò gan-an ni òun náà ń ṣe lára bọ́lọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnì.

Orúkọ tí wọ́n fún un yìí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé wọ́n dìídì fi í síbẹ̀ kí ó lè fò yọ bí omi bá di yìnyín nínú ẹ́ńjìnì, kí bọ́lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ má baà là. Lóòótọ́, omi máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 nígbà tí ó bá di yìnyín, èdídí sì lè yọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bọ́lọ́ọ̀kì lè ti sán kí èdídí tó mira rárá. Ilé ìyọ́rin ni ihò tó dí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n bá ń rọ bọ́lọ́ọ̀kì, yanrìn tí wọ́n mọ papọ̀ ni wọ́n máa ń tò sí ojú ibi tí omi yóò ti máa yí sílíńdà (ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò) po, kí wọ́n tó da irin yíyọ́ yí i ká. Bí irin náà bá ti tutù tán, yanrìn gbọ́dọ̀ jáde, ihò tó gbé e dúró nínú kòtò ìyọ́rin náà ni wọ́n sì ń gbà kó o dànù. Ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n wá ń fi irin tínínrín dí.

Irin tínínrín náà ni ìṣòro wà. Bọ́lọ́ọ̀kì nípọn, ó lè dógùn-ún díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó má ṣe ohunkóhun, ṣùgbọ́n èdídí kò ní ara tí yóò fi sílẹ̀. Inú ni ó sì ti ń jẹrà wá síta, tó bẹ́ẹ̀ tí ìta rẹ̀ lè máa dán nígbà tí inú ti di èérún. Kúláǹtì, ìyẹn omi olóògùn tí a máa ń bu sí rédíétọ̀, ní èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, èròjà yẹn sì máa ń tán bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tó jẹ́ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ kúláǹtì kódà bí kò bá dínkù. Omi lásán kò ní èròjà kankan nínú. Èmi tí mo ń bu omi ẹ̀rọ sí i láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ṣe ni mo ń bá ìdógùn-ún ṣiṣẹ́ láìmọ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ bá fi gọ́ọ̀mù oníméjì tí a máa ń pò pọ̀ lẹ ojú èdídí náà láti ìta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò. Ó tún fẹ́ da oògùn tó ń dí ojú ihò sínú rédíétọ̀, mo sì kọ̀ fún un, nítorí pé ohun tó bá lè dí ojú ihò èdídí lè dí àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀ pẹ̀lú. Bí mo ṣe pinnu láti ṣe é fúnra mi nìyẹn.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, mo tú omi rédíétọ̀ dà sínú ọpọ́n, mo sì tún tú bóòtù ìdámi tó wà lára bọ́lọ́ọ̀kì, nítorí pé bí a bá tú ti rédíétọ̀ nìkan, omi ṣì máa kù sẹ́yìn èdídí tí yóò da lé ènìyàn lójú. Ẹ má fi ọpọ́n yẹn sílẹ̀ ní gbangba o: kúláǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ajá àti ọmọdé kì í mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo wá dojú kọ ohun tó gba àkókò jù, ìyẹn títú manifold èéfín (irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnì) kí ọwọ́ lè wọlé. Mo ti fín òróró tó ń tú bóòtù sí gbogbo bóòtù rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, síbẹ̀ ọ̀kan já mọ́ mi lọ́wọ́. Èdídí kan kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba ọ̀sán kan gbáko.

Bí a ti ń yọ ọ́ rí báyìí: a kì í lù ú láàárín. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo, yálà nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni a máa ń fi pọ́ǹṣì (ọ̀pá irin kékeré) àti òòlù gbá, kí etí kejì lè yí síta. Èdídí náà yóò wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ bí owó ẹyọ tí a nà ró, a ó sì fi púláyà fà á jáde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ èyí àkọ́kọ́ tí mo lù, ojú rẹ̀ ti jẹrà débi pé pọ́ǹṣì lù ú já, etí rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ bí òrùka. Èyí kejì yí dáadáa, àmọ́ mo gbá a le jù, ó sì jábọ́ sínú ọ̀nà omi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, yóò máa dí omi lọ́wọ́, nítorí náà irin òòfà tó wà lórí ọ̀pá ni mo fi wá a kiri títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ẹrẹ̀ pupa tó dì gbagidi, tó kún ibi tí omi yẹ kó ti máa lọ. Ṣíbí ni mo fi wa á.

Mo fi sáńpépà kíkúnná nu ògiri ihò náà títí irin fi hàn, láìha á, nítorí pé ojú híha kan péré ni omi ń wá. Mo wọn fífẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan kí n tó ra èdídí tuntun, torí pé èdídí gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n kékeré kan ju ihò lọ kí ó tó lè fún mọ́ ọn. Idẹ ni mo rà. Idẹ kì í dógùn-ún bí irin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rọ̀ jù ú lọ, tí òòlù àṣejù sì lè bà á jẹ́.

Mo fi gọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnì tínínrín pa etí rẹ̀ yíká, mo wá sọ́kẹ́ẹ̀tì (orí sípánà róbótó) kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò há, mo sì fi í gbá a wọlé. (Ẹ̀yà kan wà tó rí bí àwo tó yọ ikùn síta, ìyẹn ni a ń gbá láàárín, kí ikùn náà lè pẹlẹbẹ kí etí rẹ̀ sì fẹ̀ mọ́ ihò. Tèmi kọ́ nìyẹn.) Mo máa ń dúró lẹ́yìn òòlù méjì-mẹ́ta láti wo etí rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá wọ́, idẹ tó ń dán yóò hàn ní apá kan bí oṣù tuntun, apá kejì yóò sì ti wọlé. Ibẹ̀ ni mo máa ń tún gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Mo dúró nígbà tí etí rẹ̀ kọjá ibi tí ẹnu ihò náà ti dagun díẹ̀, yíká-yíká.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, mo dá manifold padà pẹ̀lú gáàsìkéètì tuntun, mo po kúláǹtì pẹ̀lú omi tí wọ́n ti yọ èròjà ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ní ìlàjì-ìlàjì, mo sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Mo yá ẹ̀rọ tí a fi ń dán rédíétọ̀ wò, mo fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dé 15 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tí wọ́n kọ sára ìdérí rédíétọ̀ tèmi, mo sì fi bébà ìnuwọ́ kan ojú èdídí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo bébà náà gbẹ.

Ó ku ẹyọ kan tó wà lẹ́yìn flywheel (irin róbótó ńlá tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnì àti gíáàbọ́ọ̀sì), tí a kò lè dé láìsọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni òun àti àwọn tí mo yọ, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Mo ti ra idẹ tirẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí klọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán.