Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè, àti ìyá oníkòkó

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi tí mò ń gbé Àkúrẹ́ níbí, eré ìje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Nepal ni ò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yak Attack lorúkọ ẹ̀, wọ́n á gun òkè títí dé Thorong La, 5,416 mítà, níbi tí afẹ́fẹ́ téèyàn ń mí ò fi ju nǹkan bí ìdajì tiwa nísàlẹ̀ níbí lọ. Tí yìnyín bá ti pọ̀, èjìká ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́. Òkè Ìdànrè tá a fi ń yangàn yìí, tó ní àtẹ̀gùn 660, kò ju bíi kìlómítà kan lọ o.

Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ gan-an ni mò ń ro, torí mo ti ṣe kékeré ẹ̀ rí. Lọ́dún tó kọjá àwa mẹ́rìnlá gbé kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, a ní ká sáré gba ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìdànrè. Mo ra píọ̀ wọ́tà, mo ra búrẹ́dì, mo kọ nọ́ńbà sí páálí, mo ní ètò ti parí, àṣé mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. A débì kan, ìyá kan ti sá kòkó kún ojú ọ̀nà, ó dúró tì í tòun ti ìgbálẹ̀: "Ẹni tó bá tẹ kòkó mi á sanwó ẹ̀ lónìí!" Ó jàre, ta ló lọ sọ fún un? Ibi tá a ti ń bẹ̀ ẹ́ la ti gbọ́ pé ọmọ kan ti ṣubú lórí àpáta níwájú, eegun èjìká ẹ̀ ti dá. Nétíwọ́ọ̀kì ò sí, mọ́tò ò lè wọ ibẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń kó kòkó ló bá wa gbé e, èmi dì í mú lẹ́yìn, gbogbo kòtò tá a bá ti bọ́ sí ló ń pariwo, mi ò tíì gbàgbé igbe yẹn.

Níbi tó ga ju 2,500 mítà lọ, orí lè máa fọ́ èèyàn, kó máa bì, tó bá sì le, àfi kí wọ́n tètè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gun Nepal yẹn díẹ̀díẹ̀, kí ara lè mọ́ ọn. Níbi eré ìje kẹ̀kẹ́ ti Leadville, ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 3,100 mítà ni wọ́n ti ń gbéra, ẹni tí ò bá tètè dé ibi tí wọ́n fàlà sí, wọ́n á dá a dúró. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń sọ pé ìkà ni wọ́n, àfìgbà tílẹ̀ ń ṣú bọ̀ nínú oko yẹn, tí mo ka èèyàn, tí méjì ò pé.

(Wọ́n ti lọ ra ẹ̀pà ní tiwọn o.)

Tọdún yìí, mo ti rí baálẹ̀ abà, mo ti bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, ọlọ́kadà mẹ́ta á dúró síbi tí mọ́tò ò lè dé, fèrè á wà ní gbogbo kọ́nà. Ìyá oníkòkó ní ká wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun á ti kó kòkó òun nílẹ̀. Ó ní ká má gbàgbé búrẹ́dì tòun.