Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Wọn: Láti Orí Máṣíìnì dé Inú Ọgbà

Ọkọ mi ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tí ó wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ títí kọ́là rẹ̀ fi gbó, tí òwú funfun sì ń yọ jáde ní ibi tí kọ́là ti ń fi ara kan ọrùn. Ní ìlú òkèèrè tí a ń gbé, àpò pàǹtírí ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń bá lọ, inú rẹ̀ náà ni òun fúnra rẹ̀ sì jù ú sí. Èmi ni mo lọ yọ ọ́ jáde. Ìgbà òtútù ni, ilẹ̀ ń ṣú láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ọgbà ti dì gbagidi, kò sì sí iṣẹ́ kankan tí ọwọ́ mi lè ṣe níta. Mo fọwọ́ pa aṣọ náà wò, mo rí i pé iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì le dáadáa. Bàbá wọn wò mí, ó ní, "Ìyá wọn, kí lo tún fẹ́ fi àkísà yẹn ṣe?" Mi ò dá a lóhùn, nítorí pé èmi gan-an kò tíì mọ̀.

Ohun tí àwọn tí kì í ránṣọ kò mọ̀ ni pé títú ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú àtúnrán. Ẹni tí ó bá fi ipá fa ojú rírán, aṣọ ni ó ń ya. Òwú méjì ni máṣíìnì fi ń rán nǹkan: ọ̀kan gba ojú abẹ́rẹ́ wá láti òkè, èkejì ń bọ̀ láti ara bọ́bìnnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí a ká òwú mọ́, nísàlẹ̀, àárín aṣọ ni wọ́n sì ti ń kọ́ ara wọn. Elias Howe gba ìwé àṣẹ lórí irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1846, Isaac Singer gba tirẹ̀ ní ọdún 1851, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tó wà lórí tábìlì ìjẹun wa ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ tú ojú rírán, mo máa ń fi abẹ gé òwú òkè lẹ́yìn ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, n ó yí aṣọ padà, n ó sì rọra fa òwú ìsàlẹ̀, yóò sì jáde ní odindi láìpa aṣọ lára.

Bí mo ṣe yọ kọ́là náà nìyẹn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín rẹ̀, mo yí i padà kí ìhà tó gbó lè wọ abẹ́, mo sì tún un rán mọ́ ọrùn aṣọ. Ó gbà mí ju wákàtí méjì lọ. Bàbá wọn wọ̀ ọ́ fún ọdún kan sí i, kò sì sí ẹni tó fura níbi iṣẹ́.

Nígbà tí ìgbúnwọ́ rẹ̀ wá lu, ó di gáùn ọmọ wa obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ṣẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà rọrùn láti sọ di gáùn ọmọdé, nítorí pé bọ́tìnnì àti ihò rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ṣe ihò bọ́tìnnì rí yóò mọ ìdí tí inú mi fi dùn. Mo yí iwájú ṣẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn gáùn, mo gé apá rẹ̀ kúrò, mo sì ki rọ́bà bọ ọrùn rẹ̀. Ìbàdí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ó wù mí kí àwọ̀ mìíràn wà níbẹ̀, mo sì gé ọ̀já kan láti ara aṣọ òwú tuntun tí n kò kọ́kọ́ fọ̀. Gáùn náà dára lójú gan-an títí di ọjọ́ tí a fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, tí ọ̀já náà sún kì, tí gbogbo ìbàdí sì ká jọ bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀. Aṣọ àtijọ́ ti sún kì tán láti ọjọ́ pípẹ́, tuntun ni kò tíì sún. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe ká jọ yẹn." Mo tú u síbẹ̀síbẹ̀, mo sì rán òmíràn sí i. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé àlùmọ́gàjí sí aṣọ òwú tuntun láìjẹ́ pé mo ti fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ahun ṣíṣe bí àwọn kan ṣe máa ń wí. Ní Bìrìtéènì, láti oṣù kẹfà ọdún 1941 títí di oṣù kẹta ọdún 1949, kúpọ́ọ̀nù ni ìjọba fi ń díwọ̀n aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rà. Ìjọba yẹn kan náà ni ó sì ń rọ àwọn ará ìlú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé kí wọ́n sọ ọgbà òdòdó wọn di oko ẹ̀fọ́. Abẹ́rẹ́ àti ọkọ́ ti ń rìn pọ̀ kí a tó dé.

Ìgbà ooru níbí kúrú, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ gùn. Ìmọ́lẹ̀ ṣì máa ń wà níta ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nítorí náà a máa ń ti ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí a sì tún rí àyè wọ inú ọgbà. Lẹ́bàá fèrèsé ni a ti ń gbin kóró tòmátì, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí yìnyín ìkẹyìn tó kọjá, a kì í sì í kó wọn jáde títí òtútù òru kò fi ní í wálẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá ń lọ́ wọn, a máa ń ri wọ́n mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé, nítorí pé gbòǹgbò máa ń yọ lára igi tòmátì níbi tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti bò ó.

Ibẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì náà ti tún wúlò. Gáùn ti kéré jù fún ọmọ, aṣọ rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ ju ohun tí a lè fún ọmọ ẹlòmíràn lọ. Mo já bọ́tìnnì rẹ̀ sínú agolo, mo sì fa ìyókù ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láti so tòmátì mọ́ ọ̀pá. Okùn ike máa ń gé igi tòmátì bí ó ṣe ń sanra, ṣùgbọ́n aṣọ kì í gé e. A ó kọ́kọ́ ta á mọ́ ọ̀pá ṣinṣin, a ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀pá àti igi, kí a tó ká a mọ́ igi náà ní ìrọ̀rùn tí ìka kan lè gbà kọjá. Kí n má purọ́, tíṣẹ́ẹ̀tì dára ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún iṣẹ́ yìí: bí a bá gé e ní ìbú, tí a sì fà á, etí rẹ̀ yóò ká wọnú ara rẹ̀, yóò sì di okùn róbótó. Àwọn ọmọ fẹ́ràn fífà yẹn débi pé mo ní láti máa fi tíṣẹ́ẹ̀tì tí mo ṣì ń wọ̀ pamọ́. Kọ́tìnnì alájọ̀ tó ti ya ni a fi bo kábéèjì kí labalábá funfun má baà yé ẹyin sí i.

Ní ọdún tó kọjá, máṣíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọgbà jẹ́. Mo ń rán aṣọ eré fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, mo sì gbàgbé omi fún ọjọ́ mẹ́fà nínú oòrùn tó mú gan-an. Ní ọjọ́ keje, mo lọ da omi lé wọn lórí bí ẹni ń pa iná. Kò pẹ́ tí ìdí tòmátì àkọ́so fi di dúdú, tí ó sì rọ̀ sínú. Bàbá wọn ní àìsàn ni, kí a fà wọ́n tu kí ó tó ran àwọn yòókù. Kì í ṣe àìsàn tó ń ràn. Omi ni ó ń gbé kálísíọ́mù, èròjà kan tí èso nílò, láti inú ilẹ̀ dé inú èso, bí omi bá sì ń ṣe ségesège, ìdí èso, tí ó jìnnà jù, ni kì í rí tirẹ̀ gbà. Mo já àwọn tó dúdú dànù, a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí omi má baà tètè fà, a sì ń bomi rin ín ní òòrọ̀ ojoojúmọ́. Àwọn èso tó tẹ̀ lé e mọ́ láti orí dé ìdí. Bàbá wọn kò sọ̀rọ̀ fífà tu mọ́.

Ọmọ wa ọkùnrin ló ni ìdí súkínì, irú elégédé kékeré kan. Òdòdó akọ àti òdòdó abo wà lórí ìtàkùn kan náà, abo ni ó ní èso kékeré lẹ́yìn, ó sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré gbé àtíkè akọ lọ bá abo ní àárọ̀ kí òdòdó tó pa dé. Ó ń kà wọ́n, kò sì gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tí òtútù padà dé, a gé àwọn ìtàkùn lulẹ̀, a sì kó wọn sínú òkìtì ajílẹ̀ pẹ̀lú okùn aṣọ tó ṣì wà lára wọn, nítorí pé òwú gidi ni aṣọ náà, yóò jẹrà. Ní ìgbà ìrúwé, bí a ṣe ń tú òkìtì náà, ọmọ mi obìnrin fa nǹkan kan jáde láàárín iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ó sì pè mí. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ funfun ni, ó gùn tó apá rẹ̀, ó sì ṣì ká wúruwùru bí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ ṣe tò ó. Òwú pọliẹ́sítà, òwú oníke tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, tí mo fi rán ìbàdí gáùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni. Aṣọ ti lọ, rírán mi ló kù. Ó béèrè bóyá òun lè fi í sínú agolo bọ́tìnnì, mo sì ní kí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.