Avalanche ní Zuba

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá. Nípa ọ̀nà Lọ́kọ́ja, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìdí ń ro mí, ọkùnrin tó jókòó tì mí sì fi èjìká mi ṣe ìrọ̀rí láti Okene.

Kúnlé àbúrò mi ló wá pàdé mi ní Zuba, òun àti Tómi ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A kò tíì rìn jìnnà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ fi mú wa. Píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó dúdú, ó ga, Chevrolet ni, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 2001 títí di 2013. Tómi ń ka orúkọ tó wà lára ọkọ̀ náà lẹ́tà-lẹ́tà: A-V-A-L-A-N-C-H-E.

"Màmá Ìbàdàn, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ yìí fọwọ́ kan egbò. Ìròyìn ni mò ń tú sí Yorùbá fún rédíò, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn òyìnbó: avalanche ẹ̀sùn, avalanche gbèsè, avalanche àtẹ̀jíṣẹ́. Àgbàrá ni mo máa ń kọ sí gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi kò bá mi wí rí.

Mo ní yìnyín ni, èyí tó kó jọ sórí òkè títí tó fi ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pé àwọn ará òkè Alps ló ni ọ̀rọ̀ náà, Faransé ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tómi na ìka sí àpáta Zuma tó rí rìbìtì lápá ọ̀nà Kaduna. "Ṣé ó lè ya láti orí ìyẹn?" Rárá o. Yìnyín tiwa kì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó yọ́. Kúnlé ní kó wo ẹ̀yìn náírà 100, irú èyí tó jáde ní 1999, pé Zuma ló wà níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ wà lójú kejì. Ọmọ náà kò rí owó kankan gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti fi wò ó.

A yà lọ́jà èso láti ra ọsàn. Ọmọ Hausa kan ti to tirẹ̀ sórí tapólì, òkìtì náà ga dé àyà mi. Kí n tó béèrè iye rẹ̀, Tómi ti bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ̀kan tó ń dán nísàlẹ̀ pátápátá.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó wà lókè ihò náà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó yí, ó dúró. Mo ti ń mí kanlẹ̀. Ni gbogbo iwájú òkìtì náà bá ya, wàràwàrà, ọsàn ń gun ara wọn, wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ wa, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀kadà kan tẹ méjì fọ́, òórùn èèpo ọsàn gba afẹ́fẹ́.

"Haba, Hajiya!" Ọlọ́sàn di orí mú. Èmi ló ń bá wí, bí ẹni pé èmi ni mo yọ ọ́.

"Yi haƙuri," Kúnlé ń bẹ̀ ẹ́, ó sì ń kó ọsàn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àgbàrá kọ́ rárá. Òjò á ti kéde àgbàrá kó tó dé. Òkìtì yìí jókòó jẹ́jẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín: ìpele gun ìpele, ọ̀kan tí kò lágbára fara pamọ́ sábẹ́, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó 30 sí 45 dígírì, títí ẹsẹ̀ ẹnìkan fi kàn án. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó sínú rẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ló fà á. Igbe kọ́ ló ń fà á, irọ́ sinimá nìyẹn. Ilẹ̀ tó mì lè fà á ṣá: ní 31 May 1970, ní Peru, yìnyín àti òkúta ya láti orí òkè Huascarán, wọ́n bo ìlú Yungay mọ́lẹ̀.

"Àǹtí mi, a ní in nínú iṣẹ́ tiwa náà," ni Kúnlé wí. Inverter ló ń tún ṣe. Ó ní nínú diode, ẹ̀yà kékeré tó máa ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, bí iná bá ti le jù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á kọlu òmíràn, á yọ ọ́, àwọn méjèèjì á tún lọ yọ àwọn mìíràn. Àní diode Zener fóltì 12 tó wà nínú agolo rẹ̀, avalanche ló fi ń ṣiṣẹ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ ìbí kì í ṣe irú èyí. Ẹ jẹ́ kó máa rọ́ wọlé bí eéṣú, ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ènìyàn ti ń tò jọ láti ọdún yìí wá, tí olówó kan wá béèrè tirẹ̀, tí gbogbo ìyókù gbọ́: ìyẹn wó lù ú ni. Bí n óo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn.

Kúnlé san owó ọsàn tó fọ́ àti èyí tí a kò rí mọ́. Ní Dei-Dei ni Tómi gba fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ ní Kubwa.

"Màmá mi, avalanche ṣẹlẹ̀ ní Zuba! Èmi ni mo fà á!"

Ìyàwó wa figbe ta: "Yéè! Ta ló bá a lọ?"

Ọsàn ti kún ẹnu ọmọ náà, kò lè dáhùn.