Ẹni tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèwádìí nípa ẹni tó mọ ẹni àti ẹni tó ń ran ẹni lọ́wọ́, ẹ má ṣe gbára lé fọ́ọ̀mù nìkan. Ẹ jókòó ti àwọn èèyàn náà, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí, mo béèrè lọ́wọ́ ìyá aláta kan pé àwọn wo ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nídìí òwò. Wọ́n dárúkọ ẹni mẹ́ta: ẹ̀gbọ́n wọn, olórí àjọ wọn àti ẹni tó ń kó ata wá fún wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ lọ ni oníbàárà kan ti mú ẹgbẹ̀rún kan náírà wá. Màmá kàn nawọ́ sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n mú ṣéńjì nínú ike owó onítọ̀hún, wọn ò tiẹ̀ tọrọ rẹ̀.

"Mọ́mì, àwọn yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn kẹ̀? Ṣebí a jọ wà níbí ni."

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń bá èèyàn díẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó kọ ìbéèrè kankan. "Ta ni ọ̀rẹ́ yín?" kì í mú nǹkan gidi jáde. "Tẹ́ ẹ bá sáré lọ mú ọmọ níléèwé, ta ló ń bá yín tajà?" Èyí máa ń mú un jáde.

Nínú General Social Survey, ìyẹn ìwádìí ńlá nípa ìgbé ayé àwọn aráàlú, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, wọ́n béèrè àwọn tí èèyàn ń bá sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n wádìí síwájú sí i. Ọlọ́jà tó ń dájọ, tó tún wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, á ti ka márùn-ún kọjá kó tó kan ará ìjọ rẹ̀.

Ẹ gba gbogbo orúkọ tán kí ẹ tó béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí orúkọ kan bá ń fa ìbéèrè mẹ́wàá, ẹni náà á tètè mọ̀ pé kóun dákẹ́ ló yá. Ẹ kọ ìsọ̀ àti ọjà tí wọ́n ń tà mọ́ orúkọ, torí Ìyá Ìbejì pọ̀ lọ́jà.

Tí Màmá kan bá ní òun yá ẹnì kan lówó, tí ẹni yẹn ò sì dárúkọ wọn, ẹ má pa èsì ìkankan nínú àwọn méjèèjì rẹ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè ní ìtìjú nínú. Ẹ fọgbọ́n béèrè, ẹ má sì sọ èsì ẹnì kan fún ẹnì kejì láéláé. Ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ò tíì gbà fún yín pé kí ẹ kọ orúkọ òun. Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, kí ẹ tọ́jú ìwé orúkọ síbòmíràn.