Ìbínú Tó Ṣìnà

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníbàárà. Ibi tó jó kò fẹ̀ ju ojú kọ́bọ̀ lọ, lábẹ́ apá òsì ni ó sì wà, níbi tí ènìyàn lè rán nǹkan bò tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tí mo pa mọ́ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ta epo pupa ní òdìkejì títì fi dìde wò wá. Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i, mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kò sunkún. Ó mú léèsì náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó sì ń fi èékánná ha ibi tó jó náà bí ẹni pé dúdú rẹ̀ yóò ṣí kúrò.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Òkè-Balógun, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, léèsì tó sì ti jó lójú mi kò ṣe é kà. N kò bínú báyìí rí. Nígbà tó di alẹ́ tí mo jókòó tí mo bi ara mi léèrè, mo rí i pé ìbínú yẹn kì í ṣe ti ọmọ náà rárá, ilé ẹlòmíràn ni mo ti gbé e bọ̀.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe òṣèlú. Èmi ni mo rán aṣọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà ìpolongo ìbò, ọgọ́ta búbá pẹ̀lú fìlà wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ sì wà lọ́rùn mi. Ìdajì owó ni ó san. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí léèsì jó, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Nígbà tó jáde, inú ọkọ̀ ni ó gbà lọ tààrà, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa mú sùúrù." Kí ni èmi àgbàlagbà wá ṣe? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ọnọ́rébù."

Inú kò bí mi níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ó tó bí mi, níwájú ọmọ tí kò lè dá mi lóhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú sí bí èdè wa ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Inú ni ó máa ń bí ènìyàn, àyà ni ó máa ń já a, ojú ni ó máa ń tì í. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀yà ara ni ó ń ṣe é, ẹni tó ni ẹ̀yà ara náà ni a ń ṣe é sí. Ó jọ pé àwọn tó fi èdè náà sílẹ̀ fún wa mọ̀ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í dúró kí a pè wọ́n kí wọ́n tó dé, nítorí náà n kò rí ìdí tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́bi pé inú bí i. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ibi tí a óò gbé ìbínú náà lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn olóṣèlú ti gbọ́n jù wá lọ.

Ìlú tí mo ń gbé yìí pàápàá, ìkùnsínú àwọn ènìyàn ńlá ni ó sọ ọ́ di bó ṣe rí lónìí. Ìtàn Èkó sọ pé Kòsọ́kọ́, ọmọ ọba Èkó, gba obìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀ fún Elétù Òdìbò, olóyè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù nínú àwọn afọbajẹ. Elétù kò gbàgbé. Nígbà tí ìtẹ́ ṣófo lẹ́yìn ikú Adélé, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ dí Kòsọ́kọ́ lọ́nà, Olúwọlé ni wọ́n sì fi jọba. Olúwọlé kú ní 1841, Akítóyè tó jẹ́ àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́ jọba, ó sì fẹ́ kí ìjà parí, ó ní kí wọ́n pe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun padà wálé. Elétù ní òun kò ní bá a gbé ìlú kan, ó kọjá sí Àgbádárìgì. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú: ní 1845 Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì pa Elétù Òdìbò. Akítóyè ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn fi àgbá wó Èkó, Kòsọ́kọ́ sá jáde pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, nígbà tó sì yá, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni ó mú Gẹ̀ẹ́sì wá. Òwò ẹrú wà níbẹ̀, òwò epo wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń wá ọ̀nà tipẹ́. Àmọ́ ìkùnsínú yẹn ni ó bá wọn ṣílẹ̀kùn. Òun náà ni ó fà á tí ìlú wa fi pín sí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì ń ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé. Mo ti jẹ oúnjẹ ọdún yẹn yó láìmọye ìgbà, n kò sì rántí lẹ́ẹ̀kan rí pé oúnjẹ ìjà ni mo ń jẹ.

Ohun tó máa ń ká mi lára nínú ìtàn náà ni pé àwọn tí ilé wọn jóná ní Èkó, àwọn tó kó sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, inú tiwọn náà yóò ti bí wọn. A kò rí i kọ sílẹ̀ níbì kankan. Ìbínú olóyè máa ń di ogun, ìbínú aláìní a sì di ìwà àìmọ̀kan, wọ́n a ní kó lọ mú sùúrù.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. N kò bá òwe náà jà. Mo kàn ti ń ṣọ́ àwọn tó ń pa á ni, mo sì rí i pé ẹni tó jẹ gbèsè ni ó ń pa á fún ẹni tó ń sin owó. Ẹni tó dá owó gọbọi lé epo ọkọ̀ ni ó ń pa á fún ẹni tó fẹ́ wọkọ̀. N kò tíì rí ọjọ́ tí mẹ̀kúnnù pa á fún olówó tí olówó sì gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìbínú tó ṣe nǹkan, ẹ rántí Alimotu Pelewura. Ẹja ni ó ń tà, bíi ti àwọn ìyá wa ní ọjà Olúwo níbí, kò sì kàwé. Òun ni olórí àwọn obìnrin ọjà ní Èkó nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní 1940. Àwọn obìnrin náà ti ọjà, wọ́n sì tò lọ bá àwọn aláṣẹ. Nígbà ogun Hitler, ìjọba tún gbé ètò mìíràn kalẹ̀ tó ń dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, iye tí kò tó ohun tí wọ́n fi rà á wá láti oko. Pelewura àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ní 1945 sì ni ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé inú wọn kò rọ̀ rárá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, kì í ṣe alábàárù ni wọ́n gbá létí, kì í ṣe àwọn tó ń ra gàrí ni wọ́n bú. Wọ́n mọ ọ́fíìsì tó ni ìbínú náà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ.

Ìbẹ̀rù ni èmi kórìíra jù nínú gbogbo wọn. Ìbínú mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kódà bó bá ṣìnà. Ìbẹ̀rù kò mọ ẹnikẹ́ni, ṣe ni ó máa ń wá ojú tí yóò gbé wọ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kí a tó dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Èkó, fóònù mi kò sinmi. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń wọlé lórí WhatsApp tọ̀sán tòru, pé àwọn kan fẹ́ gba Èkó mọ́ wa lọ́wọ́, pé kí oníkálukú dìde. Ẹni tí mo ń ra síìpù, bọ́tìnnì àti òwú lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọ Ìgbò ni. Ó ń ta àwìn fún mi. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, òun ni ó ń bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó ń gba iṣẹ́ sílẹ̀ dè mí. Lọ́sẹ̀ yẹn mo dé ìsọ̀ rẹ̀, n kò jókòó. Mo ra síìpù méjìlá, mo sanwó, mo yí padà. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Lóòótọ́ ni, kò sí nǹkan tó ṣe mí, àfi ohùn ẹni tí n kò mọ̀ rí tó ti wọ̀ mí létí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ta àwìn fún mi fún bí oṣù mẹ́ta, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ti pààrọ̀ owó náírà, tuntun kò sì tó nílẹ̀. Ẹni tó ní owó ní àkáǹtì ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti ìdájí kó tó lè gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú owó ara rẹ̀. Inú ń bí gbogbo wa. Ìbínú ńlá wà nílẹ̀ tí kò rí ilé wọ̀, àwọn tó ń gbé ohùn jáde sì kàn fi ilé hàn án ni: ilé aládùúgbò.

Ìlara náà wà níbẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ kí olùdíje kan wí pé, "Ẹ wo títì tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ọ̀hún," ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àmọ́ èyí tó ń bà mí lẹ́rù fún ọjọ́ iwájú ni pé kó sú ènìyàn. Ní ìdìbò ààrẹ oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, ìbò tí a dì kò sì pé mílíọ̀nù 26. Nínú ẹni mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni mẹ́ta tó jókòó sílé. Ẹni tí inú ń bí ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bí i nínú. Ẹni tí ó ti sú kò retí ohunkóhun mọ́, òun gan-an sì ni olóṣèlú ń gbàdúrà fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, ìyá rẹ̀ wá. Ẹja ni ó ń yan ní ìtòsí ọjà Olúwo, èéfín ṣì wà nínú ìdikù rẹ̀. Ó mú ẹja àrọ̀ yíyan mẹ́rin wá nínú bébà sìmẹ́ńtì, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù mi, èmi tí mo bú u ní èébú ìyá lánàá. "Ẹ má bínú, Àǹtí, ọmọ yín ni. Ẹ bá mi dárí jì í." Mo fa apá rẹ̀ kó dìde, kò dìde. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé ilé ni kò ti jẹun, pé ó tilẹ̀ gbá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin létí nítorí pé ó da omi sílẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

Ojú tì mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ojú tì mí gidigidi, nítorí mo ti ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìtìjú kò dára fún ọkàn. Ká ní ojú lè ti ọkùnrin tó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ yẹn bó ti tì mí lọ́jọ́ náà, owó mi ìbá ti pé. Ìyà ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò jẹbi ni ojú máa ń tì jù: ìyá tó kúnlẹ̀ yẹn kò ṣẹ̀ mí, èmi náà kò sì ṣẹ ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún.

Ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Èmi ni mo ra léèsì mìíràn dí ti oníbàárà. Lẹ́yìn náà mo mú ìwé kékeré tí mo ń kọ gbèsè sí, mo lọ bá obìnrin tó se oúnjẹ ìpolongo ìbò náà, mo lọ bá ọkùnrin tó gbé kánópì àti àga wá, àti àwọn onílù. Kò sí ẹni tó gba owó rẹ̀ pé nínú wa, a kò sì bá ara wa sọ ọ́ rí, nítorí oníkálukú rò pé òun nìkan ni òun dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Àwa mẹ́fà ni a lọ sílé Ọnọ́rébù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. A kọ orúkọ wa àti iye owó oníkálukú sínú bébà kan, a tẹ ìka sí i, a mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́, a sì fi èkejì sílẹ̀ fún mẹ́gáàdì. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó pe oníkánópì lórí fóònù, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dà báyìí. Kò tíì pe èmi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni a tún ń lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ni yóò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù.